Owó ìfẹ̀yìntì ìyá mi kò ra oúnjẹ oṣù mọ́: èwo gan-an ni ẹ̀tọ́ wa?

Ìbéèrè

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìyá mi ti pé ẹni ọdún 78. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni wọ́n l’Ékòó kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2003. ₦28,400 ni wọ́n ń gbà lóṣù, ó sì ti pẹ́ tó ti wà lójú kan. Èmi ń ta ọṣẹ àti ike ní ọjà Oyingbo. Owó tí mo fi ń ra kóńgò gàrí mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ló ń rà báyìí. A ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta fún owó tí ìjọba ní àwọn ń pín fún mẹ̀kúnnù, a kò rí kọ́bọ̀. Lánlọ́ọ̀dù wa tún ti sọ owó ilé di ìlọ́po méjì, ó ní bí a kò bá lè san án, kí a kó jáde lópin oṣù. Ṣé kò sí owó kankan tí òfin ní kí wọ́n fún wa ni? Ta ni ká lọ bá?” Ìyá Bọ́lá, Èbúté Mẹ́ta.

Ìdáhùn

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Ìbéèrè yín lórí owó tí òfin ní kí wọ́n fún yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni ìyókù rọ̀ mọ́. Owó wà tí òfin ní kí wọ́n fún Màmá, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ ti ń tìtorí rẹ̀ san owó ọkọ̀ láti ọjọ́ yìí. Owó tí wọ́n ń pín fún mẹ̀kúnnù tí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mẹta, ojúrere ìjọba ni: bí ó bá wù wọ́n, wọn a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí kò bá wù wọ́n mọ́, wọn a dá a dúró, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí ẹ lè wọ́ wọn lọ nítorí rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ní tirẹ̀, ẹ̀tọ́ ni. Màmá ti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn san án sílẹ̀, òfin sì sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ẹ lè fi gbogbo ẹnu béèrè ni ẹ kò tíì béèrè, èyí tí ẹ kò lè ṣe ju kí ẹ máa retí rẹ̀ lọ ni ẹ ti fi àkókò yín lé. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó yìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sì ṣe rí i lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹbí. N kò dá yín lẹ́bi, nítorí ojúrere ni wọ́n máa ń gbé sórí rédíò. Ẹ̀tọ́ kì í ní olùkéde.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999. Abala 16 nínú rẹ̀ sọ pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yóò fi ní ilé tó dára àti oúnjẹ tó tó, owó oṣù tí òṣìṣẹ́ tó kéré jù lè fi gbé ayé, ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí kò níṣẹ́ àti fún aláìsàn, pẹ̀lú ìtọ́jú àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ nìkan, tí kò ka ibòmíràn, yóò dúpẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n bí òun sí. Ṣùgbọ́n inú Orí Kejì ìwé náà ni abala yìí wà, abala 6 sì ti sọ ṣáájú pé ilé ẹjọ́ kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá ìjọba tẹ̀ lé ohun tó wà nínú Orí Kejì tàbí kò tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ́lé fún wa, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ìdí nìyí tí owó ìrànwọ́ fi máa ń wá ní Nàìjíríà bí òjò ẹ̀ẹ̀rùn: ó lè rọ̀ lónìí, àmọ́ kò sí àgbẹ̀ tó máa tìtorí rẹ̀ gbin àgbàdo.

Ẹ wo bí ó ti ṣe lọ. Nínú ètò tí Báńkì Àgbáyé yá ìjọba àpapọ̀ ní mílíọ̀nù 500 dọ́là fún lọ́dún 2016, ₦5,000 lóṣù ni wọ́n yàn fún ilé tó bá tòṣì jù. Nígbà tí ìyà owó epo dé, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu bẹ̀rẹ̀ òmíràn: ₦25,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta péré, fún ilé mílíọ̀nù 15. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní ọdún 2024, tí ìjọba fi dá gbogbo ètò àjọ tó ń pín in dúró nítorí ìwádìí lórí owó. Ẹni tó ti gba ẹ̀ẹ̀kan tó ń retí ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó fi lè sọ pé gbèsè ni ìjọba jẹ òun. Ọ̀ràn ibẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ní ti pé ẹ kò rí orúkọ yín, ohun tí mo mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni n ó sọ. Ìlànà abúlé ni wọ́n fi kọ́kọ́ tò ìwé orúkọ gbogboogbò tí ìjọba àpapọ̀ ń lò: wọn a pe àwọn ará àdúgbò jọ, wọn a ní kí wọ́n fúnra wọn tọ́ka sí àwọn tó tòṣì jù láàárín wọn. Ní abúlé tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i nígbà tí èéfín kò bá jáde nílé ẹnìkan, èyí bójú mu. Ní Èbúté Mẹ́ta tí ẹni yàrá kẹta kò mọ iye alẹ́ tí ẹni yàrá kẹrin ti fi omi gàrí sùn, kò bójú mu tó bẹ́ẹ̀. Ohun kejì ni pé Èkó kì í ṣe ìlú òtòṣì lójú ìwé. Nínú ìwádìí tí àjọ NBS, àwọn tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, gbé jáde lórí ọdún 2019, ẹni tí iye tó ń ná kò tó ₦137,430 lọ́dún, èyí tí í ṣe nǹkan bí ₦377 lójúmọ́, ni wọ́n kà sí òtòṣì. Ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní Èkó, ìdá 4.5 péré ni, òun ló sì kéré jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀. N kò ní wọ́n parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi náírà díẹ̀ ga ju ìlà yẹn lọ lọ́dún 2019, tó ń san owó ilé, tó ń wọ ọkọ̀ méjì kó tó dé ọjà, tó sì ń ra omi mu, àfi bí ẹni tó dúró létí kànga ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023 sì ti tì í wọ inú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó wà nínú òṣì ní Nàìjíríà ti lé ní mílíọ̀nù 129, ìyẹn ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ọdún kan tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ká kọ orúkọ àwọn arúgbó ní wọ́ọ̀dù kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọgọ́ta fọ́ọ̀mù ni wọ́n kó fún wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ìyá ti gbé àpótí ìjókòó wọn wá sẹ́nu ọ̀nà. Mo kà wọ́n dé igba ó lé mẹ́rìnlá kí n tó ṣíwọ́. Ọkùnrin kan ti mú àpò ìwé wá láti ibi tí n kò ní dárúkọ, orúkọ ogójì ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà ogún fọ́ọ̀mù ló kù fún gbogbo ẹni tó wà níta. Àwọn tí a kò rí fọ́ọ̀mù fún, a gé bébà pélébé fún wọn, a kọ nọ́ńbà sí i, a ní kí wọ́n máa retí wa. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìyá kan dá mi dúró lẹ́bàá ọjà Jankara, wọ́n tú ìṣẹ́tí ìró wọn, bébà náà ló wà níbẹ̀, ó ti rọ̀ bí aṣọ, nọ́ńbà orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Wọ́n bi mí pé ṣé ó ti kàn wọ́n. Mo fún wọn ní owó tó wà lápò mi, èyí tí òun náà kì í ṣe nǹkan míì bí kò ṣe ojúrere.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó jẹ owó Màmá tán. Ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2023, nǹkan bí ₦185 ni lítà epo bẹntiróò kan l’Ékòó. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà tí Ààrẹ Tinubu gba ìjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ₦488 ni NNPC ń tà á. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di ₦998. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kan náà, Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà kí ọjà fúnra rẹ̀ máa yan iye rẹ̀, dọ́là tí kò tó ₦500 lójú ìwé ìjọba sì ti kọjá ₦1,500 kí ọdún tó yí po. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó ẹyọ iná kan fún àwọn tó wà ní ìpele A (Band A) kúrò ní nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225. Ẹ kò nílò onímọ̀ ọrọ̀ ajé kí ó tó túmọ̀ èyí fún yín: púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ike àti ọṣẹ tí ẹ ń tà, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ọkọ̀ tó gbé e láti Ìdúmọ̀tà gba orí afárá Carter wá sí Oyingbo, epo ló ń mu, alábàárù tó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ yín náà ní láti jẹun kó tó lè ru ẹrù. Gbogbo wọn ló fi tiwọn lé orí ọjà. Màmá nìkan ni kò ní ẹni tí wọ́n lè fi tiwọn lé lórí.

Ẹ mú bírò. Ìṣirò NBS sọ pé láàárín oṣù Kejìlá 2022 sí oṣù Kejìlá 2023, ohun tí à ń rà fi ìdá 28.92 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i. Láàárín ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún fi ìdá 34.80 wọ́n sí i lórí ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi méjèèjì pọ̀, ohun tí ₦28,400 Màmá ń rà ní òpin ọdún 2022, nǹkan bí ₦49,350 ló ń gbà ní òpin ọdún 2024. Bí ẹ bá sì yí i padà, ₦28,400 tí wọ́n gbà ní ìparí 2024 kò ju nǹkan bí ₦16,340 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó jí owó náà, kò sí ẹni tó yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ìwé báńkì sì mọ́ tónítóní. Síbẹ̀ ó ju ìdámẹ́ta rẹ̀ lọ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tilẹ̀ burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó oúnjẹ fi ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, nínú ilé tí oúnjẹ sì ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó, òun gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ lè ti gbọ́ pé nọ́ńbà gbogbo ọjà lápapọ̀, èyí tó jẹ́ 34.80 ní oṣù Kejìlá 2024, já wálẹ̀ sí 24.48 ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ọ̀nà ìṣirò ni wọ́n yí padà. Àti pé nọ́ńbà tó wálẹ̀ túmọ̀ sí pé ọjà ń gòkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó lọ́ra sí i, kì í ṣe pé ó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ìjọba fẹ́ fún arúgbó ní ẹgbẹ̀rún báyìí lóṣù, ìbéèrè tí èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe iye tí wọ́n fẹ́ fún wọn. Mo máa ń béèrè ìgbà tí òfin ní kí wọ́n tún iye náà yẹ̀ wò. Iye tí kò ní ọjọ́ àtúnyẹ̀wò, yìnyín nínú oòrùn ni. Ìjọba Èkìtì ti ṣe é rí: lọ́dún 2011, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, wọ́n ń fún àwọn arúgbó tó ti lé ní ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣù, ó sì mú ìtùnú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ìjọba yí padà, ètò náà dáwọ́ dúró. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù pàápàá, tó ní òfin tirẹ̀, ó lé ní ọdún márùn-ún kí ₦30,000 oṣù Kẹrin 2019 tó di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024. Ní oṣù tí wọ́n fọwọ́ sí i gan-an, kò ra odidi àpò ìrẹsì 50 kìlógíráàmù kan ní Daleko. Ìpínlẹ̀ Èkó kéde tirẹ̀ ní ₦85,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ohun rere tó wà nínú òfin tuntun yẹn ni pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa tún un ṣe báyìí, kì í ṣe ọdún márùn-ún mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ₦85,000 Èkó yìí sọ́kàn, nítorí mo fẹ́ padà sí i.

Mo sọ pé owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ ẹ̀tọ́. Ibi tí mo ti rí i ni abala 210 nínú ìwé òfin kan náà, èyí tí kò sí nínú Orí Kejì, tí ilé ẹjọ́ sì lè gbọ́ ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ó sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà yẹ̀ wò, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Abala 173 sọ irú rẹ̀ fún àwọn ti ìjọba àpapọ̀. Bí akọ̀wé kan bá wí fún yín pé olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, pé ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, ẹ ní kó ṣí abala 318, níbi tí wọ́n ti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀: òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí owó ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé ró wà lára àwọn tí òfin kà sí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí owó oṣù yí padà l’Ékòó lẹ́yìn ìkéde ọdún 2024, ìbéèrè ti dé sí ẹnu Màmá lábẹ́ òfin: ìgbà wo ni ẹ tún tèmi yẹ̀ wò, èló sì ni ẹ fi kún un?

Ọdún tí Màmá fẹ̀yìn tì tún ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó bọ́ sínú ètò tuntun, èyí tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba ti jọ ń dá owó sínú àpò orúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ti lọ ṣáájú, bíi Màmá, ìlànà àtijọ́ ni wọ́n wà, owó wọn ń wá tààrà láti inú àpò ìjọba títí wọn yóò fi rèwàlẹ̀. Èyí sàn fún wọn lọ́nà kan, nítorí owó wọn kò lè tán nínú àpò kankan. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n fi lè tẹ̀ lé e. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó oṣù kéde àfikún ₦32,000 fún àwọn tó wà nínú ìlànà àtijọ́ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn òfin ọdún 2024. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Màmá wá gba tiwọn nínú rẹ̀, ẹ má san owó fọ́ọ̀mù fún un: kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni Màmá ti ń gbowó, ti ìpínlẹ̀ ni ẹ ó béèrè.

Bí ẹ ó ṣe béèrè rẹ̀ nìyí. Ẹ má lọ fi ẹnu sọ ọ́ lójú fèrèsé, nítorí fèrèsé ni yóò gbé e mì. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ, ojú ìwé kan péré, sí ọ̀gá àgbà ẹ̀ka tó ń san owó Màmá. Orúkọ ẹ̀ka náà wà lórí ìwé ìfẹ̀yìntì wọn, ó sì tún máa ń hàn nínú àlàyé owó tó ń wọlé sí báńkì. Kí lẹ́tà náà gbé orúkọ Màmá bí ó ti wà nínú ìwé iṣẹ́ gan-an, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ó gbé nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì wọn, ọjọ́ tí wọ́n wọṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú ipele àti ìgbésẹ̀ (grade level àti step) tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n lọ. Ipele yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n fi ń ṣírò àfikún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè ohun méjì péré: ọjọ́ tí wọ́n tún owó náà yẹ̀ wò kẹ́yìn, àti bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ dé ₦28,400. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti kéde àfikún tí kò dé ọwọ́ Màmá, ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yóò fi hàn, owó ẹ̀yìn tí wọ́n jẹ wọ́n yóò sì yọjú pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ lẹ àkọsílẹ̀ báńkì ọdún kan mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí Màmá mú káàdì ìdánimọ̀ wọn dání, nítorí wọ́n lè tún ní kí wọ́n fara hàn pé wọ́n ṣì wà láàyè, àyẹ̀wò tí mo mọ̀ pé ó máa ń bí àwọn àgbà nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe é ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá owó rẹ̀ dúró.

Ní ti lánlọ́ọ̀dù, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó de Èbúté Mẹ́ta. Bí kò bá sí àdéhùn tó sọ ohun mìíràn, ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san án lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan. Lẹ́yìn èyí, ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje mìíràn ṣì wà kí onílé tó lè lọ sí ilé ẹjọ́, adájọ́ nìkan ló sì lè ní kí ẹ jáde. “Ẹ kó jáde lópin oṣù” tí wọ́n fi ẹnu sọ kì í ṣe ìkìlọ̀. Bí ó bá yọ ilẹ̀kùn tàbí páànù orí ilé, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá lábẹ́ òfin. Kí ẹ rí i pé ẹ kò jẹ gbèsè ìgbà tó ti kọjá o, nítorí gbèsè ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn, kí ẹ sì máa gba rìsíìtì; òfin ní dandan ni kí onílé kọ ọ́.

Lórí ìlọ́po méjì tó sọ, abala 37 òfin náà fún ayálégbé láyè láti bẹ ilé ẹjọ́ pé kó kéde pé àfikún náà ti pọ̀ jù. Èmi kò ní rọ̀ yín láti kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn. Ohun tí ilé ẹjọ́ máa wò ni iye tí wọ́n ń san nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, owó ilé sì ti ga káàkiri Èbúté Mẹ́ta débi pé àwọn aládùúgbò yín lè di ẹlẹ́rìí fún lánlọ́ọ̀dù láìmọ̀. Ọ̀dọ̀ CMC, ibùdó ìlàjà ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ni kí ẹ gbé e lọ. Wọn kì í gba owó, wọn a kọ̀wé pe onílé, ọ̀pọ̀ onílé tó ń jágbe nínú ọgbà ni mo sì ti rí tó di ọlọ́pọlọ pípé níwájú wọn. Kí ẹ mú iye kan lọ́wọ́ lọ, iye tí ẹ lè san ní tòótọ́, kí ẹ sì sọ pé ẹ ó fi ìyókù kún un ní ìpele méjì láàárín ọdún kan. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ilé ẹjọ́ láìfẹ́ yín, OPD, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, yóò dúró fún yín láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ kò béèrè nípa ìlera, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 78 kò lè ṣàìlo oògùn. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sínú àpò ìlera ìpìlẹ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń san owó ìtọ́jú fún àwọn tí kò ní. Ní Èkó, abẹ́ ètò Ìlera Èkó ni èyí ń gbà. Kí ẹ dé ibùdó ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí, kí ẹ béèrè bóyá àyè ṣì wà fún arúgbó tí kò lè san owó. Ojúrere díẹ̀ wà nínú èyí náà, nítorí àyè kì í kárí. Ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ibẹ̀ kò jìnnà, tí kò sì ní gba owó ọkọ̀.

Fún ẹ̀yin fúnra yín, ètò ìfẹ̀yìntì wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2019 fún àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ènìyàn bá dá sínú rẹ̀ ṣeé mú nígbà tó bá nílò rẹ̀, ìyókù di ọjọ́ ogbó. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọdún tí ẹ ń jẹ gàrí ẹyọ kóńgò kan. Èsúsú ọjà yín ni kí ẹ dì mú ní báyìí, kí ẹ sì sá fún gbogbo owó sọ́gúndógójì, pàápàá àwọn tó ń yáni lórí fóònù, nítorí ẹni tó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ san owó ilé yóò tún fi owó ọjà san án.

Tí ẹ bá mú lẹ́tà Màmá lọ, ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú dání. Kí ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ kò sí nílé, ẹ jókòó dè é. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ òmíràn tó tọ́ka sí ọjọ́ orí òǹtẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú méjèèjì lọ bá OPD, nítorí ohun tí agbẹjọ́rò wọn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín ni bébà tó ní òǹtẹ̀ yẹn.